Bí A Ṣe Kọ́ Ìsọ̀ Sórí Ayélujára, àti Ohun Tí Ó Ná Wa

Akọ̀wé wa ni ó ní dandan ni kí n kọ ìwé yìí. Ní ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, nígbà tí a ti jẹun tán tí àwọn kan sì ti ń wá bàtà wọn, ìyá kan dìde, ó bèèrè pé èló ni ènìyàn yóò fi ṣe wẹ́bùsáìtì fún òwò kékeré, nítorí pé ọmọkùnrin kan ti sọ fún òun pé ₦400,000 ni. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní kò tilẹ̀ wọ́n. Èmi ń wo ilẹ̀. Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi ní ẹ̀gbẹ́, nítorí ó mọ̀ pé mo mọ ìdáhùn náà, ó sì mọ ìdí tí n kò fi fẹ́ dáhùn. Ojú ń tì mí ni.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí ó ṣíwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bí ìtìjú mi yóò bá gba owó ìyá náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojú tì mí dáadáa.

Ọ̀pọ̀ yín ni ó mọ ìyàwó mi. Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nígbà tí a dé Nyanya ní 1994, kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí ìjọba àpapọ̀ kó láti Èkó wá sí Àbújá ní December 1991, ibí yìí sì kún fún àwọn òṣìṣẹ́, nítorí pé àgọ́ àwọn lébìrà tí wọ́n ń kọ́ olú-ìlú ni Nyanya tẹ́lẹ̀. Lórí ilẹ̀ àwọn Gbágyì ni a ti bá wọn jókòó títí di òní. Èmi ń ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ìyàwó mi sì pàtẹ èlùbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọjà. Ó ń kó èlùbọ́ láti Ṣakí, ó ń kó gààrí Ìjẹ̀bú, láfún, ẹ̀gúsí àti ìrù. Ẹni tí ó bá ti gbé àjò rí nìkan ni ó mọ ohun tí àmàlà gbígbóná ń ṣe fún ọkàn ọmọ Yorùbá tí ó jìnnà sí ilé. Èlùbọ́ yìí ni a fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé-ìwé. Owó oṣù tèmi kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù April 2014, bọ́ǹbù dún ní ibùdókọ̀ Nyanya ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn tí ó kú lé ní 70. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ 1 oṣù May, òmíràn tún dún. N kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí ọgbẹ́ náà kò tíì jinná lára àwọn kan nínú wa. Ohun tí ó kan ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ ni pé láti ìgbà náà ni àwọn oníbàárà ìyàwó mi tí wọ́n máa ń ti Asokoro àti Garki wá ti ń bẹ̀rù àtidé ọ̀dọ̀ wa. Wọn a máa pè é lórí fóònù pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa.” Bí òwò ìfiránṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe nítorí ọgbọ́n wa.

Lẹ́yìn náà ni orúnkún dé. Ìyàwó mi kò lè dúró pẹ́ mọ́, kò sì lè gbé àpò. Nígbà tí ìjọba sì pàṣẹ pé láti alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù March 2020 kí Àbújá, Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn jókòó sí ilé nítorí àrùn kòrónà, mo rò pé òwò ti parí. Ọmọbìnrin wa àbíkẹ́yìn ni ó ya àwòrán èlùbọ́ nínú àwo, tí ó gbé e sórí WhatsApp. Ẹ̀yin ará, kí ọdún náà tó parí, àwọn tí ń fi fóònù rajà lọ́wọ́ wa ti lé ní ọgọ́rùn-ún, láti Kubwa títí dé Kàdúná. Àgbàrá òjò ni, a kò mọ ibi tí ó ti ń ṣàn wá.

Ṣùgbọ́n ilé onílé ni a ń gbé, a kò sì mọ̀. Ní ọjọ́ Ajé, 4 October 2021, ọkọ̀ ẹrù wa ti Ṣakí dé ní ọ̀sán. Ìwé tí a fi ń mọ ohun tí oníkálukú ní kí a bá òun dì wà nínú WhatsApp. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, WhatsApp, Facebook àti Instagram dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo jákèjádò ayé, wọn kò sì padà dáadáa fún bí wákàtí mẹ́fà. Ìyàwó mi jókòó lórí àpò èlùbọ́, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Awakọ̀ tí yóò gbé ẹrù àwọn ará Kàdúná dúró títí, ó sú u, ó lọ. A bẹ ènìyàn mọ́kànlá ní ọjọ́ kejì. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn tí wọ́n ń tajà lórí Twitter ti jẹ ìyà tiwọn, nítorí ìjọba ti tì í pa ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 5 oṣù June 2021, kò sì ṣí i títí di ọjọ́ 13 oṣù January 2022. Ọmọ mi ní, “Dádì, ẹ jẹ́ kí a ní ìsọ̀ tiwa.” Mo ní ó dára. Ó dára lóòótọ́. Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é ni kò dára.

Èmi, àgbà, ni mo ní n kò ní fi iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ ọmọdé. Mo lọ yá ₦200,000 ní ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ẹgbẹ́ wa tí ó ń ka ìwé yìí, ni ó ṣe onídùúró fún mi. Mo kó ₦180,000 fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n júwe fún mi, mo sì fi ₦20,000 tí ó kù tẹ orúkọ ìsọ̀ wa sára ọ̀rá 500 tí a ó máa fi di ọjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ aṣọ tí ó dára, ó sì ní kọ̀ǹpútà tí ó tàn yanran. Ó to iye owó rẹ̀ sínú ìwé: èyí fún orúkọ, èyí fún ibi tí ìsọ̀ yóò wà, ₦25,000 fún ohun tí ó pè ní àgádágodo ààbò, èyí fún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. N kò bèèrè nǹkan kan. Mo dọ́gbọ́n mi orí bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣe iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹta 2022, ìsọ̀ wa ti wà lórí ayélujára, ó sì lẹ́wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí owó náírà tuntun di ohun tí a ń jìjàdù sí ní ilé ìfowópamọ́, tí àwọn ènìyàn ń fi owó ra owó, àwọn kan tí wọn kò rí kọ́bọ̀ dì mú fi káàdì ra èlùbọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ mìíràn yóò wọlé, ọjọ́ mìíràn kò ní wọlé, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ìsọ̀ dá páropáro lọ. Ní January ọdún náà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí gba ₦35,000 pé ọdún ti yí po, kí a san owó ọdọọdún. Mo san án.

Ní January 2024, ó ní ₦150,000 ni. Mo bèèrè ìdí. Ó ní dọ́là ti gbéra. Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀: láti June 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní ọjà, ohun gbogbo tí a ń fi dọ́là san ti di ìlọ́po, orúkọ wa sì jẹ́ irú èyí tí ó parí sí .com, tí wọ́n ń fi dọ́là ṣírò. Ṣùgbọ́n iye tí dọ́là fi gbéra kò tó iye tí òun fi gbéra. Mo ní n kò ní in. Ó ní kò burú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìsọ̀ wa pòórá. Ẹni tí ó bá tẹ orúkọ náà, ojú ewé funfun ni yóò rí.

Ọmọ mi kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí a ti ra orúkọ náà, pé àwa ni a ni ín, kí wọ́n jẹ́ kí a san owó rẹ̀ fúnra wa. Wọ́n dáhùn pẹ̀lú sùúrù pé orúkọ wa kò sí nínú ìwé wọn. Orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni ó wà níbẹ̀, àti íméèlì rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: orúkọ òwò ìyàwó mi, tí ó ti ń jẹ́ láti 1994, tí ó wà lára ọ̀rá 500, ẹlòmíràn ni ó ni ín. Kò jí i. Èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́.

Ní àsìkò yìí, owó àjẹṣẹ́kù kù ₦60,000, nítorí a ti dá sísan rẹ̀ dúró nígbà tí a san owó ilé-ìwé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ nínú owó onídùúró mi. Kò bá mi jà. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí mi. Ṣùgbọ́n ní ìpàdé, kò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi mọ́. Ó ń lọ sí ìlà ẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ̀yìn ni ó ti ń dùn ún, tí ó fi ń wá àga tí ó ní ìfẹ̀yìntì, òtítọ́ rẹ̀ nìyí.

Mo fẹ́ lọ yá owó mìíràn láti fi gba orúkọ náà. Ìyàwó mi ni ó kọ̀. Ó ní òun kò ní ra ohun tí òun ti rà. A jà díẹ̀ ní alẹ́ náà, mo sì jẹ́wọ́ pé ohùn mi ni ó ga jù. Orúkọ .com tí ẹni tí ó ni ín kò bá san owó rẹ̀ lè wà nílẹ̀ tó bí 80 ọjọ́ kí ó tó di ohun tí ẹlòmíràn lè rà, nítorí náà ọmọ mi ní a lè dúró kí a wò ó. Ìyàwó mi ní kí a jẹ́ kí ó lọ. Bí wọ́n bá gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ, ó ní, a ó sọ ọmọ náà ní òmíràn.

Ní March 2024, ọmọ mi jókòó, mo jókòó tì í, mo mú ìwé àti kálámù. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni mo ń sọ fún yín.

Nǹkan mẹ́ta ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ìsọ̀ sí ọjà. Orúkọ wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní domain. Ilẹ̀ tí ìsọ̀ yóò jókòó lé wà, èyí tí wọ́n ń pè ní hosting, háyà ni a ń háyà rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìsọ̀ fúnra rẹ̀ sì wà, pákó àti páànù. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ ni pé mo rò pé ohun kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì san owó wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹnì kan ṣoṣo.

Orúkọ ni ó ṣe pàtàkì jù. Nàìjíríà ní ìparí orúkọ tirẹ̀, .ng, tí wọ́n ti fi fún wa láti 1995, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ NiRA ni ó sì ń bójú tó o. Wọn kì í tà á fúnra wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ ni ó ń tà á, náírà ni wọ́n sì fi ń tà á, ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nìyẹn. Èyí tí ó parí sí .ng lásán gbówó lórí ju èyí tí ó parí sí .com.ng lọ. Àwa mú .com.ng, a san ₦6,500 fún ọdún kan ní ìgbà náà. Iye a máa yí padà, kí ẹ bèèrè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san án, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń bèèrè orúkọ oní-nǹkan, kí ẹ kọ orúkọ tiyín, íméèlì tiyín, nọ́ńbà fóònù tiyín, kí ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ ó fi máa wọlé sì wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹnikẹ́ni bá bá yín ṣe é, kí ó jókòó sí iwájú yín ṣe é. Ìyàwó mi kọ ọ̀rọ̀ aṣínà náà sínú ìwé kékeré tí ó fi ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà, ó sì fi pamọ́ sí ibi tí èmi gan-an kò mọ̀. N kò lè bá a wí.

Ilẹ̀ náà gba ₦28,000 fún ọdún kan. Èyí tí ó kéré jù lọ nínú tí wọ́n ń tà ni a mú, nítorí àwọn tí ń wá ra èlùbọ́ ní ọjọ́ kan kò tó ohun tí yóò wọ́ ilẹ̀ lulẹ̀. Ọmọ mi tún yan èyí tí a ń fi náírà san.

Ẹnu sì yà mí nígbà tí a dé orí ìsọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni pákó àti páànù. WordPress ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti 2003, ó sì lé ní ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá gbogbo wẹ́bùsáìtì ayé tí a fi í kọ́. Òmíràn tí ń jẹ́ WooCommerce, tí ó jáde ní 2011, ni ó ń sọ ọ́ di ibi tí ènìyàn lè ti mú ọjà kí ó sì sanwó, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Mo bi ọmọ mi pé ta ni ó ń ṣe irú oore báyìí. Ó ní bí gbogbo nǹkan yìí ti rí láti ìpìlẹ̀ nìyẹn: òyìnbó kan tí ń jẹ́ Tim Berners-Lee ni ó ro ọgbọ́n náà ní 1989 ní ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ CERN ní Switzerland, ní April 1993 sì ni CERN yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni máa lò ó láìsan owó. Mo ronú kan ₦180,000 mi. Àgádágodo ààbò tí mo san ₦25,000 fún ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Let’s Encrypt ti ń fi í fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015. Ẹ má fi í sílẹ̀ o, nítorí láti 2018 ni Chrome ti ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wọ ìsọ̀ tí kò ní in pé ibẹ̀ kò láàbò, oníbàárà yóò sì sá. Ṣùgbọ́n ẹ má ra ohun tí wọ́n ń fi tọrẹ.

Kò rọrùn tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ní ọjọ́ 14 oṣù March, nígbà tí a ti dé àárín iṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì kú. A rò pé dátà ni ó tán, a tún ra òmíràn. Ó di alẹ́ kí a tó gbọ́ pé àwọn wáyà ńlá tí ó gba abẹ́ òkun ni ó já ní ìhà Ivory Coast, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti àwọn ilé ìfowópamọ́ wa pẹ̀lú, sì ń mí gúlegúle. Owó dátà náà kò padà.

Nígbà tí ìsọ̀ dìde, kò ṣí kíákíá. Ìyàwó ọmọ wa tí ó wà ní Lugbe ní òun ti se ọbẹ̀ tán kí àwòrán èlùbọ́ tó hàn. Àwòrán tí fóònù ọmọ mi yà ni ó wúwo jù, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó 4 MB. Ó fún wọn pọ̀ títí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi dín sí 150 KB, ojú wọn kò sì bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré èyí. Láti ìgbà tí àwọn iléeṣẹ́ fóònù ti gba àṣẹ ní January 2025 láti fi owó lé iye tí wọ́n ń gbà, oníbàárà yín mọ iye tí dátà jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra gààrí kóńgò méjì kò ní fi owó dátà gààrí kóńgò kan wò ó.

Mo dárúkọ kóńgò. Ibẹ̀ ni ìjà ti fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Àwa ń fi kóńgò wọ̀n, àwọn ará ibí mọ mùdù, àwo méjèèjì kò sì dọ́gba. Ẹnì kan láti Karu ní a rẹ́ òun jẹ. Ìyàwó mi, tí kò rẹ́ ènìyàn jẹ rí, sunkún. Ó ní kí a ra òṣùwọ̀n, kí ohun gbogbo di kílò, kí a ya àwòrán àpò lórí òṣùwọ̀n náà kí ènìyàn fojú ara rẹ̀ rí i. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tí ó bá wa jà. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tí ó kọ́ ọ ní èyí, ọgbọ́n ọjà ni.

Ní ti gbígba owó, Paystack ni a lò, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 2015, tí ilé-iṣẹ́ Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020. Wọn kò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ wa. Nígbà tí a wọlé, 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ nínú ohun tí oníbàárà bá san, wọ́n sì ń fi ₦100 lé e bí ọjà náà bá tó ₦2,500, ṣùgbọ́n wọn kì í yọ ju ₦2,000 lọ. Ẹni tí ó bá ra ọjà ₦10,000, a ó rí ₦9,750 nínú rẹ̀, yóò sì wọ àpò wa ní ọjọ́ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Bàbá kan ní ìpàdé ní kò yẹ kí a san án, pé kí gbogbo ènìyàn máa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì wa tààrà. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ wá rí, tí ó wà ní Jos, kò ní fi owó rẹ̀ sọ́wọ́ àjèjì. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìyàwó mi ti rí ìwé ẹ̀rí owó èké lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, tí ó gbé ọjà fún olè. Mo fara mọ́ ₦250 náà.

A kò fi nọ́ńbà ilé àwọn oníbàárà han ẹnikẹ́ni, a kì í sì í tọ́jú èyí tí a kò nílò mọ́. Òfin wà fún un láti 2023, ó sì tún jẹ́ ìwà ọmọlúwàbí.

Nítorí náà, màmá, orúkọ ₦6,500, ilẹ̀ ₦28,000, dátà bí ₦9,000 pẹ̀lú èyí tí ó bá wáyà òkun lọ. ₦43,500 ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí mo fi ṣe ti àkọ́kọ́, pẹ̀lú owó ọdún kejì, jẹ́ ₦215,000. Ẹni tí kò bá ní ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n lè pe oníṣẹ́, kí ó sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, oníṣẹ́ tí ó dára wà. Ṣùgbọ́n kí ó san owó orúkọ àti owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ní orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ kò bá tíì tó ogún, èrò tèmi ni pé kí ó má tíì kọ́ nǹkan kan. Kí ó máa lo WhatsApp Business, tí ó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2018, kí ó kàn máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà sínú ìwé gidi. Ọmọ mi kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí. Ó ní orúkọ rere kì í pẹ́ lọ́jà, kí ènìyàn rà á pamọ́ ná. Ó lè jẹ́ òun ni ó gba.

Ọ̀rá tí a tẹ̀ ti àkọ́kọ́ kù 310. A san ₦15,000 tẹ ìwé alẹ̀mọ́ tí a fi bo orúkọ àtijọ́. Ọmọ-ọmọ wa ni ó ń lẹ̀ ẹ́, ó sì máa ń wọ́ lójú rẹ̀. Ní December 2024 ni a san owó àjẹṣẹ́kù tán, mo sì dá gbogbo ohun tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ onídùúró mi padà fún un, pẹ̀lú gààrí Ìjẹ̀bú àpò kan. Ó gba owó náà. Ó ní gààrí náà kan. Ní ìpàdé oṣù tí ó tẹ̀ lé e, mo rí i tí ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, tí ó gbé àga rẹ̀ dání.

Ìròyìn ilé wa kò pọ̀. Orúnkún ìyàwó mi sàn díẹ̀. Àkọ́bí wa bí ọkùnrin ní Lugbe, ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa sọmọ lórúkọ. Kí màmá tí ó bèèrè ìbéèrè wá sí ilé wa ní ọjọ́ Sátidé èyíkéyìí lẹ́yìn aago mẹ́rin. Kí ó mú fóònù rẹ̀ wá, àti orúkọ méjì tàbí mẹ́ta tí ó fẹ́ràn, nítorí èkíní lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin mi yóò jókòó tì í. Kí ó fi ₦400,000 náà sílẹ̀ ní ilé.

Èmi ni ti yín,
Ọkọ Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́,
Nyanya.